Ọrun Àkọ́kọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Tafàtafà Tuntun Mọ̀ Kó Tó Náwó Sí I

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Ọsán tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe èso tí à ń mu, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Okùn tí wọ́n fi ń fa ọrun ni. Ṣùgbọ́n lóde òní tí ọfà títa ti di eré ìdárayá tí tọkùnrin-tobìnrin ń díje nínú rẹ̀ káàkiri àgbáyé, ọ̀pọ̀ ọrun ló ń di ọ̀pá lásán nínú ilé láìjẹ́ pé ọsán rẹ̀ já. Ẹni tó rà á ló ra èyí tí apá rẹ̀ kò ká. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọfà kò sì lọ síbi tó rán an. Nígbà tó yá, ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bọ́ọ̀lù ni eré ìdárayá tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ jù lọ. Àdúgbò méjèèjì pààlà, débi pé Boundary ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti pàdé títí di òní. Láti Ajégúnlẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi Samson Siasia àti Odion Ighalo ti jáde dé ọ̀dọ̀ ikọ̀ Super Eagles. Gbogbo òbí tó bá sì ti ra bàtà bọ́ọ̀lù fún ọmọ rí ló mọ̀ pé a kì í ra bàtà àgbàlagbà fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ọmọ ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó ra bàtà. Bákan náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ọrun rí. Ara ẹni tó fẹ́ lò ó ni a ń wọ̀n kí á tó sanwó, kì í ṣe ẹwà ọrun tàbí bó ṣe le tó.

Ọrun kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré òyìnbó nìkan ni ọfà títa. Nínú ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé pé kí ìbọn tó dé, ọrun àti ọfà olóró wà lára ohun ìjà tí àwọn baba ńlá wa fi ń jagun. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ, ọrun àti ọfà ni àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Àmì yìí kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà gbé dání, tó fi jẹ́ pé títí di òní, ọrun àti ọfà ni wọ́n ṣì fi ń ṣe àmì Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Orúkọ ohun èlò náà ṣì wà lẹ́nu wa pẹ̀lú: ọrun, ọsán, ọfà, àti apó tí wọ́n ń kó ọfà sí. Ẹni tó bá ń ta á ni tafàtafà.

Ìbọn ló lé ọrun kúrò lójú ogun, ṣùgbọ́n eré ìdárayá gbé e dìde padà. Wọ́n díje nínú ọfà títa ní Òlíńpíìkì ní 1900, 1904, 1908 àti 1920. Lẹ́yìn èyí, wọ́n yọ ọ́ kúrò fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kó tó padà ní 1972 nígbà tí ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì gbàlejò. Àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, ló yí orúkọ rẹ̀ padà sí World Archery ní 2011.

Ní Òlíńpíìkì, mítà 70 ni tafàtafà máa ń jìnnà sí àmì tó ń ta. Àmì náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 122 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn tí ń fúnni ní máàkì 10 kò ju sẹ̀ǹtímítà 12.2 lọ, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹnu ife ìmumi ńlá lọ. Àwọn ará Gúúsù Kòríà ni ọ̀gá nínú eré yìí. Ní ìdíje ti ìlú Paris ní 2024, àwọn ni wọ́n kó gbogbo àmì ẹ̀yẹ góòlù márààrún tó wà fún ọfà títa lọ sílé.

Ìtàn kan wáyé nínú ìdíje yẹn tó yẹ kí ọmọ Áfíríkà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré yìí mọ̀. Israel Madaye, ọmọ orílẹ̀-èdè Chad tó múlé ti Nàìjíríà, ni wọ́n fi pàdé Kim Woojin ti Gúúsù Kòríà. Òmì àyò 6 sí 0 ni Kim fi lù ú, kódà ọ̀kan nínú ọfà tí Madaye ta gba máàkì 1 péré. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ará Kòríà tó wo ìdíje náà ló fẹ́ràn ọkùnrin yìí, wọ́n sì gbóríyìn fún un pé ó dúró lójú ìjà pẹ̀lú ẹni tó gba góòlù nígbẹ̀yìn. Ibi tí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ kò ní kó má dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé.

Oríṣi ọrun mẹ́ta tó wọ́pọ̀

Oríṣi mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ ra ọrun yóò bá pàdé. Èkíní ni ọrun gígùn, tí wọ́n ń pè ní longbow. Òun ló jọ ti àwọn baba wa jù lọ: igi kan ṣoṣo tó tẹ̀ bí òṣùpá lẹ́tù, láìsí ohun tí a fi ń wò tàbí ibi tí a ń gbé ọfà lé. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti tọ́jú, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè fi ta àmì léraléra.

Èkejì ni èyí tí orí rẹ̀ méjèèjì rọ síwájú, tí wọ́n ń pè ní recurve. Rírọ tó rọ yìí ló ń fún un ní agbára láìjẹ́ pé ó gùn jù. Ọrun yìí ni wọ́n ti ń lò ní Òlíńpíìkì látọjọ́ tí eré náà ti padà ní 1972. Èyí tó dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀ ni èyí tó ṣeé tú sí mẹ́ta: ìdìmú tó wà láàárín, àti apá méjì tí a ń so mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Bí apá ẹni bá ti ń le sí i, apá ọrun méjèèjì nìkan ni a ó pààrọ̀ sí èyí tó le díẹ̀ sí i. Ìdìmú kò ní yí padà. Yàtọ̀ sí èyí, ó ṣeé kó sínú báàgì, èyí tó jẹ́ ìrọ̀rùn ńlá fún ẹni tó máa wọ dáńfó láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí ibi ìgbáradì.

Ẹ̀kẹta ni compound, ọrun tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké ní orí rẹ̀ méjèèjì àti okùn tó lọ́ mọ́ ara wọn. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Holless Wilbur Allen, ló gba ẹ̀tọ́ orí iṣẹ́ ọwọ́ yìí ní 1969. Iṣẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ náà ni pé bí ènìyàn bá ti fà á dé òpin, ìwúwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á dín kù púpọ̀, á sì lè dúró pẹ́ kó tó jọ̀wọ́ ọfà. Ìdíje onírú ọrun yìí fún ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jọ ń ta pọ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí pé yóò wọ Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Los Angeles ní 2028. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó ní ẹ̀yà púpọ̀ tó lè bàjẹ́, kò sì ṣeé pààrọ̀ ọsán rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún un pọ̀. Ibi tí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò bá ti sí nítòsí, kò yẹ kó jẹ́ ọrun àkọ́kọ́.

Nítorí náà, bí kò bá sí ìdí pàtàkì mìíràn, recurve tó ṣeé tú ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń gbà níyànjú fún akẹ́kọ̀ọ́.

Bí ọrun ṣe le tó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Pọ́ùn ni wọ́n fi ń wọn bí ọrun ṣe le tó, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára apá ọrun. Nọ́ńbà yìí ni ìwúwo tí ìka ẹni yóò gbé nígbà tí a bá fa ọsán dé ínǹṣì 28. Bí wọ́n bá kọ 20 síbẹ̀, ó jẹ́ kílò 9. Bí wọ́n bá kọ 50, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 23, èyí tí kò jìnnà sí àpò ìrẹsì oní kílò 25. Kí ènìyàn rántí pé ìka mẹ́ta péré ni yóò fi fà á, àti pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ìpele àkọ́kọ́ ti Òlíńpíìkì, ọfà 72 ni tafàtafà kọ̀ọ̀kan ń ta.

Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí, yálà okùnrin tàbí obìnrin, ọrun tí agbára rẹ̀ wà láàárín pọ́ùn 18 sí 26 ló yẹ ẹ́. Fún ọmọdé, pọ́ùn 10 sí 16 ti tó. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ẹrù ní èbúté Àpápá, tó sì mọ̀ pé apá òun le bí irin, má ṣe sọ pé tòun yàtọ̀. Iṣan tí wọ́n fi ń gbé ẹrù kọ́ ni wọ́n fi ń fa ọrun. Iṣan ẹ̀yìn, láàárín eegun èjìká méjèèjì, ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sì máa ń gba oṣù díẹ̀ kó tó mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá fi ọrun tó le jù bẹ̀rẹ̀ yóò máa fi apá jà, yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa jọ̀wọ́ ọfà kí ó tó wo àmì dáadáa. Àṣìṣe tó bá ti wọ̀ ọ́ lára báyìí kì í tètè lọ, ó sì lè ba èjìká rẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn láti fi dán ọrun wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹni tó fẹ́ rà á fa ọsán rẹ̀ wálẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kí ó dúró, kí ó rọra kà dé mẹ́wàá, kí ó sì rọra dá a padà láìjọ̀wọ́ rẹ̀. Kí ó ṣe èyí bíi ìgbà márùn-ún tẹ̀léra. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tàbí tó ń gbé èjìká sókè, tàbí tó ń gbé orí lọ bá ọsán, ọrun náà le jù fún un. Kí ó mú èyí tó rọ̀ jù ú lọ.

Wíwọn apá pẹ̀lú téèpù aránṣọ

Bí apá ènìyàn ṣe gùn tó ló ń sọ bí ọrun rẹ̀ yóò ṣe gùn tó àti bí ọfà rẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Téèpù tí aránṣọ ń lò ti tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹni náà dúró ṣánṣán, kí ó na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n láti orí ìka àárín ti ọwọ́ kan dé ti ìkejì. Iye ínǹṣì tó bá jáde ni kí wọ́n fi 2.5 pín. Bí ó bá jẹ́ ínǹṣì 70, ìdáhùn rẹ̀ ni 28. Nǹkan bí ínǹṣì 28 ni ẹni náà yóò máa fa ọsán dé.

Ẹni tó ń fà á dé ínǹṣì 24 tàbí 25, ọrun tó gùn tó ínǹṣì 64 ló bá a mu. Ẹni tó ń fà á dé 26 tàbí 27, ínǹṣì 66 ni tirẹ̀. Fún 28 àti 29, ínǹṣì 68 ló dára. Ẹni tó bá sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú ínǹṣì 70. Ọrun tó kúrú jù yóò máa fún ìka pọ̀ níbi tí ọsán ti tẹ̀.

Wíwọ̀n yìí tún kan agbára ọrun. Nítorí pé orí ínǹṣì 28 ni wọ́n gbé nọ́ńbà tó wà lára ọrun kà, ẹni tí apá rẹ̀ kúrú kò ní rí gbogbo agbára náà, ẹni tí apá rẹ̀ gùn yóò sì rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bíi pọ́ùn 2 ló ń lọ sókè tàbí sílẹ̀ fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ọrun tí wọ́n kọ 24 sí lára, bí ẹni tó ń fà á dé ínǹṣì 26 bá mú un, nǹkan bíi pọ́ùn 20 ni yóò rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú ló ń yan ọwọ́

Ọrun ọlọ́wọ́ ọ̀tún wà, ti ọlọ́wọ́ òsì sì wà. Èyí tí à ń fi ọwọ́ òsì dì mú, tí à ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ tí ènìyàn fi ń jẹun ló yẹ kó wò. Ojú rẹ̀ ni. Nínú ojú méjèèjì, ọ̀kan máa ń ṣe olórí fún èkejì nígbà tí ènìyàn bá ń wo nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán.

Láti mọ èyí tó jẹ́ olórí, kí ẹni náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré kan, kí ó la ojú méjèèjì, kí ó sì wo ohun kan lókèèrè láti inú ihò náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó di ojú òsì. Bí ó bá ṣì ń rí ohun náà, ojú ọ̀tún ni olórí, ọrun ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni kí ó rà. Bí ohun náà bá pòórá, ojú òsì ni olórí, á sì dára kí ó gbìyànjú ọrun ọlọ́wọ́ òsì kí ó tó pinnu. Kò sí ohun tó ṣòro nínú èyí fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ọwọ́ méjèèjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́.

Ọfà àti àwọn ohun èlò yòókù

Kò yẹ kí ẹni tó ń ra ọrun ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ tán sórí ọrun. Owó ọfà wà níbẹ̀, owó ohun tí wọ́n fi ń bo apá wà níbẹ̀ nítorí pé ọsán lè na apá ẹni tó dì í mú títí yóò fi wú, bẹ́ẹ̀ ni owó awọ tí wọ́n fi ń bo ìka náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Okùn tí wọ́n fi ń gbé ọsán sí ọrun kì í wọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó bá ń fi orúnkún tẹ ọrun láti gbé ọsán sí i lè lọ́ apá ọrun náà, ó sì lè ta bá a lójú.

Ní ti ọfà, ohun méjì ni kí ènìyàn wò. Àkọ́kọ́ ni gígùn rẹ̀: kí ó fi ínǹṣì kan tàbí méjì gùn ju ibi tí ẹni náà ń fa ọsán dé lọ. Ọfà tó kúrú jù lè já bọ́ sẹ́yìn ibi tí wọ́n gbé e lé, kí ó sì gún ọwọ́ tó di ọrun mú. Èkejì ni bó ṣe le tó. Nígbà tí ọsán bá ti ọfà, ọfà náà máa ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó nà tán. Bí ó bá le jù tàbí rọ̀ jù fún ọrun, yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ti wù kí tafàtafà náà wò ó tó. Ẹni tó ta ọrun ló yẹ kí ó sọ ọfà tó bá a mu. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí ènìyàn fura. Kí wọ́n máa yẹ ọfà carbon wò kí wọ́n tó ta á, kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ létí. Bí ó bá dún bí ohun tó ń sán, kí wọ́n jù ú nù, nítorí pé ó lè fọ́ wẹ́wẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta á.

Èèwọ̀ kan wà tí gbogbo tafàtafà gbọ́dọ̀ mọ̀: a kì í fa ọsán kí á jọ̀wọ́ rẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀. Agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ yóò padà sínú ọrun, ó sì lè fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọrun eré ìdárayá kò wọ́pọ̀ ní Èkó bíi ti bọ́ọ̀lù. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ ará tó wà lókè òkun pé kó bá àwọn rà á, àwọn mìíràn sì máa ń ra tòkunbọ̀. Ẹni tó fẹ́ kó o wọlé fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́, kí ó kọ́kọ́ bi aṣojú tó mọ iṣẹ́ aṣọ́bodè léèrè ohun tí yóò san àti ìwé tí wọn yóò béèrè, kí ẹrù tó kúrò lọ́hùn-ún.

Àlòkù kò burú bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kí wọ́n gbé ọsán sí i, kí wọ́n wò ó láti ẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá ọsán gba àárín apá méjèèjì kọjá. Bí ó bá yà, apá náà ti lọ́. Kí wọ́n fi ìka tọ ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó sán tàbí bóyá àtè tó lẹ̀ ẹ́ ti ń ṣí. Ọsán tó ti hu irun jáde, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ọrun kò ní bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ọrun tó bá ti sán kò ní àtúnṣe.

Afẹ́fẹ́ etí òkun ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ a máa mú irin dógùn-ún kíákíá. Nítorí náà, kí wọ́n máa nu àwọn bóòtù ara ọrun gbẹ lẹ́yìn ìlò. Kí wọ́n tú ọsán ọrun onígi àti recurve kalẹ̀ bí wọ́n bá ti lò ó tán. Kí wọ́n má sì ṣe fi ọrun sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn, nítorí pé ooru lè yọ́ àtè inú rẹ̀.

Ibi tí wọn yóò ti máa ta á

Ẹ̀mí ènìyàn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé sún mọ́ ilé ní Ajégúnlẹ̀, ọmọdé sì pọ̀ ní òpópónà. Ní Àpápá, ọgbà àwọn ilé kan fẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹlẹ́sẹ̀ kì í dáwọ́ dúró lójú títì. Ọfà tí ọrun akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá bá ta lè fò kọjá mítà 100. Nítorí náà, òpópónà, ẹ̀yìnkùlé tó há, àti pápá bíi Maracana ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kì í ṣe ibi ọfà títa.

Ibi tó yẹ ni ọgbà tí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tàbí aláṣẹ mìíràn, tó ní odi, tí ẹnikẹ́ni kò lè gba ẹ̀yìn àmì kọjá. Mítà 5 sí 10 ti tó fún oṣù àkọ́kọ́. Àmì kò ní láti wọ́n: àpò ìrẹsì tí wọ́n ki àkísà àti àjákù aṣọ láti ọ̀dọ̀ aránṣọ sínú rẹ̀ dáadáa á dá ọfà ọrun kékeré dúró. Kí wọ́n má ṣe fi ọfà ta ògiri tàbí táyà, nítorí pé ó lè ta padà.

Bí tafàtafà bá ju ẹyọ kan lọ, kí ẹnì kan máa fun fèrè. Ìlànà àgbáyé ni pé fèrè méjì ń pe tafàtafà wá sórí ìlà, ẹyọ kan ní kí wọ́n máa ta, mẹ́ta ní kí wọ́n lọ kó ọfà wọn. Bí fèrè bá dún léraléra tó márùn-ún, kí gbogbo ènìyàn dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin

Ẹni tó ń gbé ọrun kiri ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin Nàìjíríà mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Òfin tó de ìdigunjalè àti ìbọn, tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1984, tó sì wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004, ka ọrun àti ọfà mọ́ ohun ìjà, ní ẹ̀gbẹ́ àdá, ọ̀kọ̀ àti kùmọ̀. Ìdigunjalè ni òfin náà ń bá wí, kì í ṣe eré ìdárayá. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá bá pẹ̀lú ọrun tí ọsán wà lórí rẹ̀ ní òru yóò ṣàlàyé títí.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n tú ọrun, kí wọ́n kó o sínú báàgì tó ní síìpù, kí ọfà wà nínú apó tó ní ìdérí, kí ìwé tí wọ́n fi rà á sì wà níbẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́, kí ó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Kí wọ́n gbé e lọ tààrà síbi ìgbáradì, kí wọ́n sì gbé e padà sílé. Nínú ilé, ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó ni ààyè rẹ̀.

Eré tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀

Ohun tó dára nínú eré yìí ni pé kì í ṣe ẹni tó sáré jù tàbí tó ga jù ló ń borí. Nínú ìdíje àwọn akanda ẹ̀dá ní Paris ní 2024, Matt Stutzman, ọmọ Amẹ́ríkà tí kò ní apá rárá, ló gba góòlù nínú ìdíje compound. Ẹsẹ̀ ló fi ń di ọrun mú. Ọrun tó bá ara rẹ̀ mu ló lò, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó yá ọrun rẹ̀ lò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Kí ó wọn apá rẹ̀, kí ó mọ ojú tó jẹ́ olórí, kí ó mú èyí tó rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì wá ibi tí yóò ti máa ta á láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu kí ó tó san kọ́bọ̀. Bí apá bá ti le, ọrun tó le ṣì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọfà tó bá ti fi ọsán sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pè é padà.